Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà mẹ́sàn-án: ṣé ilé oníyàrá mẹ́ta lè gba ibẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ilé àyágbé sì ti sú mi. Wọ́n ń fi ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì kan lọ̀ mí ní ìhà Ìkòròdú, ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ní fífẹ̀, ọgọ́fà ní gígùn. Éjẹ́ǹtì ní excision rẹ̀, ìyẹn kí ìjọba dá ilẹ̀ náà padà fún ìdílé tó ni ín, ti ń lọ lọ́wọ́. Gbogbo àwọn tó wà ládùúgbò yẹn ló kọ́lé kan fẹ́ǹsì, kò sì sẹ́ni tó mú wọn. Àbúrò mi ra odidi pulọ́ọ̀tì ní Mọ́wé, ìpínlẹ̀ Ògùn, owó rẹ̀ ò tó èyí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi fún ààbọ̀. Ṣé mo lè kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta síbẹ̀? Kí ló sì dé tí òfin ilé kíkọ́ l'Ékòó fi le tó báyìí, tí gbogbo èèyàn fi ń sá lọ sí Ògùn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa, ẹ sì kú ìfaradà lánlọ́ọ̀dù. Ìbéèrè méjì lẹ kọ, àmọ́ ìdí kan náà ló so wọ́n pọ̀. Òfin ilé kíkọ́ ti pinnu ohun tó lè dúró lórí ilẹ̀ yẹn kí ẹ tó gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, òfin náà ló sì gbé àbúrò yín dé Mọ́wé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, torí ìṣirò kì í ṣègbè.

Odidi pulọ́ọ̀tì tí à ń pè ní ọgọ́ta sí ọgọ́fà ẹsẹ̀ bàtà, mítà 18 sí mítà 36 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ sukúwíà mítà 648. Òfin Èkó ní kí ẹni tó ń kọ́ ilé gbígbé fi mítà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ògiri rẹ̀ àti ààlà, lọ́tùn-ún, lósì àti lẹ́yìn. Àlàfo yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní sẹ́tíbáàkì. Ti iwájú kì í dọ́gba níbi gbogbo, bí títì yín bá ṣe tóbi tó ló máa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní mẹ́fà. Nígbà tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára odidi pulọ́ọ̀tì, fífẹ̀ á ku mítà 12, gígùn á ku mítà 27. Sukúwíà mítà 324 nìyẹn, ìdajì géérégé. Ìdajì yòókù jẹ́ ti atẹ́gùn, ti mọ́tò, ti kànga, ti sókáwéè, ti jẹnẹrétọ̀, àti ti ọ̀nà tí panápaná máa gbà wọlé lọ́jọ́ tí iná bá sọ.

Wàyí o, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ tiyín. Mítà mẹ́sàn-án ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ yọ mẹ́ta lọ́tùn-ún, ẹ yọ mẹ́ta lósì, mẹ́ta ló kù. Ògiri méjèèjì sì wà nínú mẹ́ta yẹn o! Búlọ́ọ̀kù náìnì-ínṣì lápá ọ̀tún àti lápá òsì á jẹ tó ìdajì mítà nínú rẹ̀. Ohun tó máa ṣẹ́kù fún yín kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju bọ́ọ̀sì BRT lọ, bọ́ọ̀sì méjì á sì tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Ẹ ò lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i kí ẹ tún rí ọ̀nà gbà kọjá lọ sí yàrá kejì.

Nítorí náà, rárá ni mo máa dá yín lóhùn. Tó bá jẹ́ pẹ̀lú ìwé àṣẹ, yàrá mẹ́ta ò lè dúró lórí ilẹ̀ yẹn bó ṣe wà yìí. Àwọn aládùúgbò yẹn ò pidán kankan, wọ́n kàn jẹ àlàfo náà ni. Pé kò sẹ́ni tó mú wọn, ẹ fi "tíì" kún un.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe gé ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá dá pulọ́ọ̀tì sí méjì ní ìbú, ti ẹ̀yìn ò ní rí títì, owó rẹ̀ á sì já. Bí wọ́n bá là á ní gígùn, ìdajì méjèèjì ló máa fojú kan títì, iye kan náà ni wọ́n á sì tà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fi ń là á ní gígùn. Títà ni tiwọn, wọn kì í ṣe ẹni tó máa kọ́lé síbẹ̀. Ká ní ọgọ́ta sí ọgọ́ta ni wọ́n gé e, mítà 18 sí 18, ẹ̀ bá ní 12 sí 9 láti kọ́lé lé, sukúwíà mítà 108. Ayàwòrán ilé tó bá mọṣẹ́ á rí yàrá mẹ́ta yọ nínú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jẹ́, sukúwíà mítà 324, èyí kò fi ọmọ ìka kan ju ìyẹn lọ. Mi ò tíì rí éjẹ́ǹtì kan tó ń ṣàlàyé èyí fún ẹni tó ń rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ mọ ohun tí jíjẹ àlàfo ń fà ju èmi lọ. Bí ògiri yín bá kan fẹ́ǹsì, tí ti aládùúgbò náà kan án, fèrèsé yín á máa wo búlọ́ọ̀kù, ẹ ó sì máa tan iná ní ọ̀sán gangan. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ẹni kejì ò níbì kan tó máa gbà lọ ju yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Tiẹ̀ tún ni ti omi. Àwọn onímọ̀ ìlera àyíká sábà máa ń ní kí kànga jìnnà tó mítà 30 sí sókáwéè. Lórí ilẹ̀ olọ́gọ́fà ẹsẹ̀ bàtà, ẹ lè gbẹ́ kànga síwájú, kí ẹ gbẹ́ sókáwéè sẹ́yìn, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà ní ìdajì kejì bá ṣe tirẹ̀ ní òdìkejì ńkọ́? Sókáwéè rẹ̀ á wà ní mítà díẹ̀ sí kànga yín, fẹ́ǹsì nìkan ló máa wà láàárín, omi abẹ́ ilẹ̀ ò sì mọ fẹ́ǹsì. Ibà jẹ̀fùnjẹ̀fùn tẹ́ ẹ ń tọ́jú ní wọ́ọ̀dù, irú àwọn àdúgbò báwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Èmi ò sí lára àwọn tó ní kí ìjọba fa òfin yìí ya, nígbà náà. Àmọ́ kò yẹ ká máa ṣe bí ẹni pé láti ọ̀run ló ti já bọ́, torí ìtàn rẹ̀ ló máa jẹ́ ká mọ ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Àwọn àgbà wa ò mọ àlàfo mítà mẹ́ta. Agbo ilé ni wọ́n ń kọ́: yàrá á kan yàrá, ògiri á kan ògiri, gbogbo rẹ̀ á yí àgbàlá ká, àárín ni atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Nígbà tí àwọn Àgùdà dé láti Brazil ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, wọ́n mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá pẹ̀lú ọ̀nà gbọọrọ láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Ilé ìdílé kan ni nígbà yẹn. Lánlọ́ọ̀dù ló wá rí i pé yàrá kọ̀ọ̀kan ń mówó wọlé, ó sì di ilé face-me-I-face-you tí ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà sí. Bí ẹ bá gbé pulánì agbo ilé gidi, bí irú èyí tó wà nílé bàbá mi, lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú lónìí, wọn ò ní buwọ́ lù ú.

Òyìnbó ló gbé òfin tuntun wọlé, àwọ̀ ara ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1917, nígbà ayé Lugard, òfin tó wà fún àwọn ìlú ní Nàìjíríà ní kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó yáàdì 440, nǹkan bí mítà 400, wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ibùgbé ọmọ ìlú. Wọ́n ní kí ẹ̀fọn má baà gbé ibà láti ara wa lọ bá wọn. Inú èrò yẹn ni GRA, àdúgbò tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó, ti jáde: pulọ́ọ̀tì gbàràmù-gbaramu, ilé kan láàárín, kóríko yí i ká, bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn. Nígbà tó di 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Erékùṣù níbi tí ilé ti há mọ́ra. Ohun tó mú kí wọ́n dá LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ ní 1928 nìyẹn, ilé iṣẹ́ ètò ìlú àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa. Láti 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn Erékùṣù, wọ́n ní ó dọ̀tí, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tí wọ́n fún wọn níbẹ̀ dára ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Erékùṣù ò rí oníbàárà ní Sùúrùlérè, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè tán.

Tiwa nínú ìtàn yìí ni pé, nígbà tí òyìnbó lọ, a jogún àwòrán GRA yẹn. Ẹni tó ní mọ́tò, tó ní odidi pulọ́ọ̀tì, tí ìdílé kan ṣoṣo fẹ́ gbé inú ilé ńlá kan, ni àlàfo yẹn bá lára mu. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, bíríkìlà tó ń fi ọdún méje tu owó jọ ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, òfin ò rí wọn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà, àlàfo fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Mọ́wé.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹta, 1978, ni ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Òfin yẹn fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà pé kó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Ìdílé ṣì lè tà á fún yín, ṣùgbọ́n títà wọn ò pé láìsí ọwọ́ ìjọba nínú rẹ̀. L'Ékòó, ìjọba ti na ọwọ́ lé ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ọ̀nà méjì ló sì pín sí. Àwọn kan wà tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ pàtó, bíi títì, ẹ̀sítéètì tàbí kánáàlì. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní committed, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó máa gbà á padà. Àwọn kan wà tó kàn wà lábẹ́ ìjọba láìtíì ní iṣẹ́. Èyí ni global, ibẹ̀ sì ni excision ti ń jáde. Excision túmọ̀ sí pé ìjọba gé apá kan padà fún abúlé tàbí ìdílé tó ni ín, wọ́n á sì tẹ orúkọ abúlé náà àti ìwọ̀n ilẹ̀ náà sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba. Kó tó wọ gásẹ́ẹ̀tì, kò sí nǹkan kan. Excision tó ń lọ lọ́wọ́ lè máa lọ lọ́wọ́ títí ọmọ yín á fi gboyè ní Yunifásítì, ìjọba sì lè má fọwọ́ sí i láéláé. Ohun tí éjẹ́ǹtì yẹn ń sọ fún yín ni pé ilẹ̀ ìjọba ni títí di òní.

Òfin 1978 yìí tún ṣe ohun mìíràn sí bí a ṣe ń kọ́lé, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ nítorí ànfààní gbogbo ìlú, ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n máa ń san owó rẹ̀: ilé, irè oko, ohun tí ẹ fi owó yín ṣe síbẹ̀. Ilẹ̀ lásán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan wá. Ẹ wá fi ti ọmọ onílẹ̀ kún un, tó lè ta ilẹ̀ òfìfo fún ẹni mẹ́ta. Èkó ṣòfin sí ìwà yẹn ní 2016, ìbẹ̀rù sì dín kù díẹ̀, kò tán. Kí ni ẹni tó ra ilẹ̀ máa ṣe? Á sáré lọ gbé nǹkan sórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí fẹ́ǹsì àti géètì láàárín igbó tí kò sílé nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí ìpìlẹ̀ tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í dúró de ìwé àṣẹ kó tó da kọnkéré. Tó bá wá di ọdún kẹrin tí owó wá dé, ìpìlẹ̀ tó ti gbé kalẹ̀ ti jẹ mítà kan nínú àlàfo ọ̀tún, kò sì ṣeé gbé kúrò.

Ní ti ààlà Ògùn, ilé ẹjọ́ ló dá a. Ìjọba ológun ṣòfin ní 1992, Decree 88, láti fi ètò ìlú gbogbo orílẹ̀-èdè sábẹ́ àkóso kan. Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ní 2003 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì sọ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ètò ìlú tirẹ̀, yàtọ̀ sí Àbújá. Èkó ló jàre, ó sì yẹ kó jàre. Àmọ́ láti ìgbà náà, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lórí Long Bridge ẹ ti wọ òfin mìíràn. Èkó ló kéré jù ní ilẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, kìlómítà 3,577 ní sukúwíà, omi sì ni nǹkan bí ìdá márùn-ún rẹ̀. Ògùn tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin ó lé. Bí ìwé bá ti ń pọ̀ sí i l'Álàúsá, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Èkó wà, tí àlàfo ń jẹ ìdajì ilẹ̀, tí owó pulọ́ọ̀tì ń gòkè, ẹni tó fẹ́ odidi pulọ́ọ̀tì á máa wo Ọ̀tà, Agbára, Ìbàfò àti Mọ́wé. Òfin ò dá ìkọ́lé dúró, ó kàn tì í sọdá ààlà. Ohun tí àbúrò yín ò san lórí ilẹ̀, ó ń san án ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láàárọ̀ kùtùkùtù, lójoojúmọ́ tó bá jẹ́ pé Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé Ògùn ò ní òfin, síbẹ̀. Ìwé àṣẹ wà níbẹ̀ náà, àlàfo wà. Ìyàtọ̀ ni pé àwọn èèyàn ti kọ́lé tán kí ojú ìjọba tó dé ibẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí Gómìnà Amosun fi gbé ètò Homeowners' Charter jáde, kí àwọn tó ti kọ́lé láìní ìwé lè fi owó tó dín kù gba C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀, àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé pọ̀. Èkó náà ti ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n fún àwọn onílé ní 90 ọjọ́ ní 2024 láti wá gba ìwé láìsan owó ìtanràn. Àwọn ètò yìí ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, mi ò bú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń kọ́ àwọn tó kù pé ká kọ́kọ́ kọ́ ọ, a ó bẹ̀bẹ̀ tó bá yá. Ẹni tó jẹ́ pé ògiri rẹ̀ wà lórí ọ̀nà omi kì í rí ẹ̀bẹ̀ kankan gbà.

Ọ̀nà omi yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ibẹ̀ ni ẹni tí owó rẹ̀ ò tó ti Èkó, tí kò sì lè máa rin ìrìn Mọ́wé, ń bọ́ sí. Ilẹ̀ tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí ni owó rẹ̀ máa ń rọ̀ lọ́rùn jù: àbàtà, etí kánáàlì, abẹ́ wáyà iná ńlá. Éjẹ́ǹtì á gbé yín lọ wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbàdàn ti fojú rí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gbé èèyàn àti ilé lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, 2011, omi tún gba ìlú náà, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Ilé tó jẹ́ kí omi má rí ọ̀nà gbà, ẹni tó kọ́ ọ lè má bá omi lọ, ẹni tó wà lókè odò ni omi máa padà bá. Ní ti wáyà, Ìkòròdú lẹ ń lọ, ẹ sì máa rí i: líńì 132 kV ń fẹ́ mítà 15 lápá ọ̀tún àti lápá òsì láti àárín rẹ̀, ti 330 kV ń fẹ́ mítà 25. Títì ìjọba àpapọ̀ náà ní tirẹ̀, mítà 45.72 láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ lọ́rùn tí ibẹ̀ sì dára tó sún mọ́ títì, ẹ gbójú sókè kí ẹ wo wáyà, kí ẹ sì wọn àtàárín títì.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé ṣé ilé tó níwèé kì í wó. Ó ń wó. Ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, 2021, pa èèyàn tó lé ní ogójì, àárín àwọn olówó ló sì wà. Ti Ìta Fàájì ní oṣù kẹta, 2019, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú ẹ̀, àwọn aláṣẹ fúnra wọn sọ pé wọ́n ti fi àmì sí i lára tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Ọ̀dà pupa lára ògiri ò gbé ọwọ̀n ró. LASPPPA ló ń fún yín ní ìwé àṣẹ, LASBCA ló yẹ kó máa wá wò ó bí ẹ ṣe ń kọ́ ọ, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Nígbà tí àwọn ti ẹ̀ẹ̀kejì bá wá, ohun tó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ onílé ni pé kí wọ́n tètè lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo irin kí ẹ tó da kọnkéré, kí wọ́n wo àpò sìmẹ́ńtì pẹ̀lú: láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti ní kí wọ́n máa fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ 32.5 sí lára rẹ́ ògiri nìkan, 42.5 ni ti ọwọ̀n àti dẹ́kìnnì.

Ó ku ohun tí ẹ máa ṣe sí ilẹ̀ yìí. Ẹ má tíì san owó àsansílẹ̀ kankan. Ẹ wá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀, kó má jẹ́ ti éjẹ́ǹtì. Á lọ sórí ilẹ̀, á fi ẹ̀rọ mú ibi tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, á sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General l'Álàúsá. Charting ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ bóyá ilẹ̀ náà wà nínú gásẹ́ẹ̀tì, bóyá global ni, tàbí committed. Owó tẹ́ ẹ máa ná sí i kò tó nǹkan kan lára owó ilẹ̀. Tó bá jẹ́ committed, ẹ kí éjẹ́ǹtì kí ẹ máa lọ, bó ti wù kí ilẹ̀ náà rọ̀ lọ́rùn tó. Tó bá jẹ́ global, tí kò tíì sí gásẹ́ẹ̀tì, èmi ò ní rà á. Àwọn kan máa ń rà á, wọ́n sì máa ń sùn tì í fún ọdún púpọ̀. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì LASPPPA tó wà ní agbègbè yẹn bóyá ilé gbígbé ni wọ́n ya àdúgbò náà sí, àti mítà mélòó ni wọ́n fẹ́ níwájú lórí títì yẹn gan-an, torí mẹ́fà tí mo fi ṣe ìṣirò lè pọ̀ sí i.

Ká wá ní ilẹ̀ náà mọ́, gásẹ́ẹ̀tì wà, kò sí wáyà, kò sí omi. Mítà mẹ́ta yẹn ṣì ń dúró dè yín. Ọ̀nà kan wà tó bá òfin mu, tí àwọn èèyàn ò sì lò tó: kí ẹ̀yin àti ẹni tó ra ìdajì kejì kọ́ ilé ìbejì. Ẹ ó gbé pulánì kan ṣoṣo lọ fún odidi pulọ́ọ̀tì, ògiri kan á wà lórí ààlà tó pín yín, àlàfo mítà mẹ́ta á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ òde olúkúlùkù. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìṣirò: mẹ́sàn-án yọ mẹ́ta, mẹ́fà ló kù. Mẹ́fà sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jẹ́ sukúwíà mítà 162 fún yín nílẹ̀, kí ẹ tó ronú kan òkè rárá. Ẹ má kọ́ gbogbo gígùn rẹ̀ o. Ẹ ní kí ayàwòrán ilé fi àgbàlá kékeré sáàárín, bí agbo ilé, kí yàrá tó wà láàárín lè rí atẹ́gùn. Yàrá mẹ́ta á gbà, pálọ̀ á gbà, mọ́tò á ríbi dúró. Kànga kan ni kí ẹ jọ gbẹ́ síwájú, kí sókáwéè méjèèjì wà lẹ́yìn, jọ̀ọ́. Lọ́yà gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn lórí ògiri tẹ́ ẹ jọ ni kí bíríkìlà tó gbé búlọ́ọ̀kù kan: ta ló ń san kí ni, kí ló ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ ta tirẹ̀, ta ló lè kọ́ òkè lé e.

Gbogbo ìyẹn dúró lórí ẹni kan tí ẹ ò tíì mọ̀. Ẹ bi éjẹ́ǹtì pé ta ló ra ìdajì kejì, kí ẹ sì bá ẹni náà sọ̀rọ̀ lójúkojú kí ẹ tó na owó fún ẹnikẹ́ni. Tó bá ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ kan ààlà, tàbí tó bá ní ilé ìbejì ò wu òun, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ọgọ́ta sí ọgọ́ta níbòmíràn ládùúgbò náà tó fojú kan títì, bí kò bá tiẹ̀ wà ní ojú títì ńlá. Bí wọn ò bá ní, ẹ pe àbúrò yín, kó bá yín wo pulọ́ọ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, àmọ́ kí charting rẹ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ògùn, l'Ábẹ́òkúta.